Àká fáìlì iná wa ti dàrú: báwo ni ẹ ṣe ń tọ́jú tiyín?

ỌmọBódìjà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Àwa mẹ́rin ni a wà ní ọ́fíìsì kékeré kan ní Ìbàdàn, iṣẹ́ wa sì ni láti ṣírò ìmọ́lẹ̀ fún ilé-ẹ̀kọ́, ilé ìwòsàn àti ọ́fíìsì kí oníbàárà tó náwó ra iná. Mẹ́ta nínú wa ń lo DIALux evo, ẹnì kẹrin ń lo Relux; ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣe ìṣirò náà ni méjèèjì. Láti bí ọdún mẹ́fà sẹ́yìn ni a ti ń kó fáìlì IES àti LDT, ìyẹn fáìlì tí olùṣe fi ń sọ bí iná kọ̀ọ̀kan ṣe ń tan ìmọ́lẹ̀, sínú fódà kan ṣoṣo tí gbogbo wa jọ ń lò, ẹni tó bá sì rí iná tuntun kàn ń sọ tirẹ̀ síbẹ̀ ni. Ohun tó wà nínú fódà náà ti lé ní 3,000 báyìí. Òmíràn ń jẹ́ “download(3).ies”, òmíràn ń jẹ́ “panel_tuntun_final2.ldt”, iná kan ṣoṣo sì lè ní fáìlì márùn-ún tí ọ̀rọ̀ inú wọn kò bára mu.

Ohun tó mú mi kọ̀wé ṣẹlẹ̀ lóṣù tó kọjá. A ti parí ìṣirò kíláàsì kan, ó sì fún wa ní lọ́ọ̀sì 500 (ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tó ń balẹ̀) lórí tábìlì. Oníbàárà ní kí a fi kíláàsì kejì kún un, tí gígùn, fífẹ̀ àti àwọ̀ ògiri rẹ̀ bá ti àkọ́kọ́ mu rẹ́gí. Àbúrò wa kan tó ṣe é lọ mú fáìlì iná náà láti inú fódà àpapọ̀, kò lo èyí tó ti wà nínú iṣẹ́ náà tẹ́lẹ̀. Nọ́ńbà ọjà kan náà ni ó wà lórí méjèèjì, ṣùgbọ́n 430 ni kíláàsì kejì mú wá. Ọjọ́ méjì gbáko ni a fi wá ibi tí 70 náà gbà sálọ.

Ẹ jọ̀wọ́, báwo ni ẹ ṣe ń to fáìlì yín? Ṣé kí a pa àwọn tó ti pẹ́ rẹ́ ni? Báwo ni ẹ sì ṣe ń mọ èyí tó ṣeé gbára lé?

Àjàní_Èkó

Tèmi kò gùn. Ẹ pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Ìgbàkúgbà tí iṣẹ́ tuntun bá dé, ẹ lọ mú fáìlì ní ojú ìkànnì ilé-iṣẹ́ tó ṣe iná náà, tàbí kí ẹ wá a lórí LUMsearch, kí ẹ wọ́ ọ sínú DIALux, kí ẹ sì máa bá iṣẹ́ lọ. Fáìlì tó wà lọ́dọ̀ olùṣe ni tuntun jù lọ, èyí tí ẹ kó pamọ́ ti ń gbó láti ọjọ́ tí ẹ ti kó o. Ọdún mẹ́ta rèé tí mi ò ti ní fódà iná kankan, ara sì tù mí.

Àdùkẹ́_Birmingham

Ẹ̀gbọ́n Àjàní, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n mo bẹ ỌmọBódìjà kí ó má pa ohunkóhun rẹ́. Fáìlì tí a fi ṣe ìṣirò ni ẹlẹ́rìí wa. Ní ọ́fíìsì tí mo ti ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ níhìn-ín, oníbàárà kan padà wá lẹ́yìn ọdún mẹ́rin pé ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n wọ̀n nínú ilé rẹ̀ kò tó iye tí a kọ sínú ìwé. A sáré lọ sí ojú ìkànnì olùṣe láti wo iye lúmẹ̀nì iná náà (àpapọ̀ ìmọ́lẹ̀ tó ń jáde lára rẹ̀), kí ni a bá? Orúkọ fáìlì náà kò yí padà, ṣùgbọ́n wọ́n ti pààrọ̀ ohun tó wà nínú rẹ̀ nítorí pé wọ́n ti gbé ìran tuntun iná náà jáde, wọn kò sì fi tó ẹnikẹ́ni létí. Ẹ̀dà tí ẹnì kan fi sínú fódà iṣẹ́ náà lọ́jọ́ tí a ń ṣe é ni a fi hàn pé ìṣirò wa tọ̀nà, àti pé iná tí agbaṣẹ́ṣe gbé kọ́ kì í ṣe èyí tí a sọ. Bí ó bá jẹ́ pé a ti pa á rẹ́ ni, àwa ni à bá ru ẹ̀bi náà.

Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí. Ibi mẹ́ta ni fáìlì máa ń gbé. Ibi kìíní ni mo pè ní Orísun: bí fáìlì ṣe dé láti ọwọ́ olùṣe gan-an ni mo ṣe ń gbé e síbẹ̀, pẹ̀lú PDF tó ṣàlàyé ọjà náà, mo sì ti ti fódà náà pa kí ẹnikẹ́ni má lè ṣe ju kíkà lọ níbẹ̀. Ibi kejì ni Àyẹ̀wò, níbi tí ẹ̀dà máa ń wà lẹ́yìn tí ẹnì kan bá ti yẹ̀ ẹ́ wò tí ó sì ti fún un ní orúkọ tó yẹ, inú ibẹ̀ nìkan sì ni àwọn ayàwòrán lè ti mú iná. Ibi kẹta ni fódà iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, tí gbogbo fáìlì tí a lò fún iṣẹ́ náà máa ń wà nínú rẹ̀, tí a kì í sì í fọwọ́ kàn án mọ́ lẹ́yìn tí ìwé bá ti jáde. Ẹ rántí pé DIALux evo máa ń gbé dátà iná wọ inú fáìlì iṣẹ́ fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá pààrọ̀ ohun tó wà nínú fódà lónìí, iṣẹ́ àná kò ní yí padà títí ẹnì kan yóò fi mọ̀ọ́mọ̀ rọ́pò iná náà. Ààbò ni èyí jẹ́, ṣùgbọ́n òun náà ni ó ṣi àbúrò yín lọ́nà, nítorí iná méjì tí orúkọ wọn jọra ti wà nínú iṣẹ́ kan náà láìsí ẹni tó kíyè sí i.

Ní ti orúkọ, mo máa ń kọ ọ́ báyìí: olùṣe, nọ́ńbà ọjà ní kíkún, wáàtì, lúmẹ̀nì, àwọ̀ ìmọ́lẹ̀, CRI (bí àwọ̀ nǹkan ṣe ń hàn dáadáa sí lábẹ́ iná náà), fífẹ̀ ìtànṣán, àti ọjọ́ tí mo gbà á, ọdún ni yóò sì ṣáájú nínú ọjọ́ náà kí kọ̀ǹpútà lè tò wọ́n tẹ̀léra. Orúkọ náà máa ń gùn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá rí i kò ní láti ṣí fáìlì kí ó tó mọ ohun tó dì mú.

ỌmọBódìjà, ẹ jọ̀wọ́ ẹ lọ wo àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ àti CRI fáìlì méjèèjì yẹn. Ó jọ mí lójú pé ibẹ̀ ni 70 yín wà.

Àjàní_Èkó

Mo gbà fún ọ, àbúrò mi, ní ti iṣẹ́ tó ti parí. N kò ronú kan ẹjọ́ ọdún mẹ́rin. Ṣùgbọ́n ta ni yóò jókòó fún 3,000 orúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan? Àwọn mẹ́rin yìí ní iṣẹ́ tí wọ́n ń jẹun lórí rẹ̀. Ìmọ̀ràn tí mo wá tún ṣe ni pé kí wọ́n kó fódà àtijọ́ náà pamọ́ bó ṣe wà, kí wọ́n tì í, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ àká tuntun láti orí òfo. Iná tí wọ́n lò láàárín ọdún méjì sẹ́yìn nìkan ni kí wọ́n kọ́kọ́ gbé wọlé. Mo lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé kò ní ju 150 lọ.

Àdùkẹ́_Birmingham

Ìyẹn dára púpọ̀, ẹ̀gbọ́n, ó sì dára ju ohun tí mo sọ lọ fún ọ́fíìsì kékeré.

Ẹnjiníà_Ìkẹjà

Ẹ ti sọ̀rọ̀ ibi tí fáìlì yóò máa gbé, ṣùgbọ́n ìbéèrè kẹta ỌmọBódìjà, bí a ṣe ń mọ fáìlì tó ṣeé gbára lé, ni ó wúwo jù lójú tèmi. Bí fódà bá tò mèremère tí irọ́ sì wà nínú fáìlì, kí ni èrè rẹ̀? Ọ̀rọ̀ lásán tí Notepad lè ṣí ni IES àti LDT, nítorí náà kò sí fáìlì tó yẹ kó wọ àká láìjẹ́ pé ẹnì kan ti fi ojú ara rẹ̀ ka inú rẹ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni ó ń gbà.

Nínú IES, ẹ wá ìlà tó sọ pé TILT=NONE. Ìlà tó tẹ̀ lé e ni ọkàn fáìlì náà. Nọ́ńbà kejì lórí ìlà yẹn ni lúmẹ̀nì fún gílóòbù kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá rí -1 níbẹ̀, kì í ṣe àṣìṣe: ohun tó ń sọ ni pé gbogbo iná náà lódindi ni wọ́n wọ̀n, bí wọ́n ṣe sábà ń ṣe fún LED, àti pé káńdẹ́là (agbára ìmọ́lẹ̀ síhà kọ̀ọ̀kan) tó wà nísàlẹ̀ ni iye gidi tó ń jáde. Nọ́ńbà kẹta ni ohun tí a ó fi sọ gbogbo káńdẹ́là di púpọ̀. 1 ni ó yẹ kó jẹ́. Bí ẹ bá rí iye mìíràn níbẹ̀, ẹ béèrè ẹni tó kọ ọ́ àti ìdí rẹ̀.

Nọ́ńbà keje lórí ìlà kan náà ni ó ń sọ irú ìwọ̀n gígùn tí wọ́n lò, 1 fún ẹsẹ̀, 2 fún mítà. Ibẹ̀ ni ìyọnu pọ̀ sí jù. Mo ti rí iná pánẹ́ẹ̀lì tí igun rẹ̀ jẹ́ 0.6 mítà lọ́nà méjèèjì, tí ẹni tó kọ fáìlì rẹ̀ fi 0.6 síbẹ̀ ṣùgbọ́n tí ó fi 1 sípò 2. Kọ̀ǹpútà ka 0.6 náà sí ẹsẹ̀, iná náà sì di pátákó kékeré tí igun rẹ̀ kò ju 0.18 mítà lọ. Lọ́ọ̀sì orí tábìlì fẹ́rẹ̀ẹ́ má yí padà, nítorí náà ẹnikẹ́ni kò fura. Ṣùgbọ́n lúmẹ̀nì kan náà ti ń jáde láti ojú tó kéré sí ti gidi ní nǹkan bí ìlọ́po 11, UGR sì fò sókè, ó ń sọ pé iná náà yóò máa pa ojú àwọn ọmọ kíláàsì. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ iná rere sílẹ̀ nítorí nọ́ńbà kan ṣoṣo. Nínú LDT, mìlímítà ni wọ́n ń lò, nítorí náà irú àṣìṣe yẹn kò wọ́pọ̀ níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ pín lúmẹ̀nì sí wáàtì. Bí pánẹ́ẹ̀lì wáàtì 40 bá sọ pé òun ń mú lúmẹ̀nì 8,800 jáde, 220 lúmẹ̀nì fún wáàtì kan nìyẹn, kí ẹ béèrè ẹ̀rí kí ẹ tó gbà á. Bí wáàtì bá jẹ́ òdo, ẹnì kan kò parí iṣẹ́ rẹ̀.

Àyẹ̀wò kan tún wà tí mo fẹ́ràn gan-an. Iná pẹlẹbẹ tí ojú rẹ̀ funfun bíi wàrà máa ń tan ìmọ́lẹ̀ káàkiri lọ́nà tó jẹ́ pé káńdẹ́là rẹ̀ tó ń lọ tààrà sísàlẹ̀ máa ń súnmọ́ lúmẹ̀nì tí a pín sí 3.14. Fún lúmẹ̀nì 4,000, ẹ retí nǹkan bí 1,270. Bí fáìlì bá sọ 5,000, a jẹ́ pé iná mìíràn, bóyá èyí tí ìtànṣán rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ni wọ́n fi orúkọ pánẹ́ẹ̀lì bò.

LDT àti IES kò yàtọ̀ síra ju bí wọ́n ṣe to nọ́ńbà lọ. Ẹ lè yí ọ̀kan sí èkejì láìbẹ̀rù, kí ẹ sì fi irú kan ṣoṣo kún àká yín.

Ará_Houston

Ẹnjiníà, gbogbo ohun tí ẹ kọ ni ó kún fún ẹ̀kọ́, àfi gbólóhùn méjì tó kẹ́yìn, mo sì fẹ́ tọrọ àyè láti tako ìyẹn kí ẹnikẹ́ni tó tẹ̀ lé e. Ètò ìṣirò AGi32 ni à ń lò níhìn-ín, IES sì ni oúnjẹ òòjọ́ wa, ṣùgbọ́n a máa ń bá àwọn ilé-iṣẹ́ Yúróòpù ṣe pọ̀. Àṣà Amẹ́ríkà ni pé kí igun òdo máa tẹ̀ lé òró iná, ìyẹn ni pé kí ó bá gígùn rẹ̀ lọ. Àṣà Yúróòpù, tí EULUMDAT (orúkọ gidi LDT) ti ọdún 1990 sì dúró lé lórí, ni pé kí C0, ìyẹn igun òdo tiwọn, dábùú iná náà. Ìyàtọ̀ dígírì 90 ló wà láàárín wọn. DIALux mọ èyí, ó sì ń yí i fúnra rẹ̀ nígbà tí ó bá ń gba fáìlì wọlé. Ṣùgbọ́n àwọn ètò kéékèèké ọ̀fẹ́ tó ń sọ IES di LDT lórí íntánẹ́ẹ̀tì kì í ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo. Fún iná róbótó tàbí pánẹ́ẹ̀lì onígun mẹ́rin tó dọ́gba, ẹ lè má rí ìyàtọ̀ kankan. Fún iná gígùn tó wà lójú pátákó ìkọ̀wé tàbí iná òpópónà, ìmọ́lẹ̀ yóò dojú kọ ibi tí kò yẹ.

Ìyàtọ̀ kejì ni pé káńdẹ́là inú LDT jẹ́ ti lúmẹ̀nì 1,000, kọ̀ǹpútà ni yóò wá fi lúmẹ̀nì iná náà sọ ọ́ di gidi. Nítorí náà ẹni tó bá kọ lúmẹ̀nì LED nìkan síbẹ̀, láìyọ èyí tí ara iná àti dígí rẹ̀ gbé mì, yóò gba ìmọ́lẹ̀ ju èyí tó wà lọ. Ohun tí mo ń ṣe ni pé mo máa ń tọ́jú irú tí olùṣe fi ránṣẹ́ gan-an. Bí ó bá fi méjèèjì ránṣẹ́, méjèèjì ni mo ń kó. Bí ó bá pọn dandan kí n yí ọ̀kan padà, mo máa ń kọ “iyipada” mọ́ orúkọ rẹ̀, mo sì máa ń gbé àtijọ́ àti tuntun sínú yàrá òfìfo kan náà, kí n wò bóyá ìmọ́lẹ̀ wọn balẹ̀ síbì kan náà.

Ẹnjiníà_Ìkẹjà

Mo dúpẹ́, arákùnrin mi. Pánẹ́ẹ̀lì àti iná róbótó ni ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ tèmi, ìdí nìyẹn tí n kò fi ko ó rí. Mo fa gbólóhùn náà padà.

Akẹ́kọ̀ọ́_Ifẹ̀

Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀wọ́. Púpọ̀ nínú iná tí àwọn oníbàárà ń rà lọ́jà ni kò ní fáìlì kankan, páálí nìkan ni wọ́n ń bá wá. Kí ni à ń fi sínú àká fún irú wọn?

Àjàní_Èkó

Mú fáìlì iná mìíràn tó jọ ọ́, tí ìrísí, ìwọ̀n àti dígí rẹ̀ bára mu, kí o sì yí lúmẹ̀nì rẹ̀ sí èyí tó wà lára páálí. Ohun tí gbogbo wa ń ṣe nìyẹn.

Ẹnjiníà_Ìkẹjà

Kì í ṣe gbogbo wa, ẹ̀gbọ́n. Iye ara páálí kì í ṣe iye tí ẹnikẹ́ni wọ̀n níwájú wa. Bí fáìlì náà bá tún ní -1, kì í ṣe lúmẹ̀nì ni ẹ ó yí, àfi káńdẹ́là fúnra wọn, àtúnṣe tí ẹ rò pé ẹ ṣe kò sì ní tọ́. Èmi a máa sọ fún oníbàárà pé n kò lè fọwọ́ sí ìṣirò iná tí kò ní dátà, mo sì máa ń fi iná méjì tàbí mẹ́ta tó ní fáìlì hàn án, tí iye owó wọn kò jìnnà síra. Ìgbà míràn ẹni tó kó iná wọlé máa ń rí fáìlì náà gbà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ bí a bá tẹnu mọ́ ọn, kò kàn sí ẹni tó béèrè rí ni.

Àdùkẹ́_Birmingham

Nígbà tí iṣẹ́ ṣì wà ní ìbẹ̀rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò tíì yan iná, mo rò pé ọ̀nà ẹ̀gbọ́n Àjàní ṣeé lò láti mọ iye iná tí yàrá yóò nílò. Ṣùgbọ́n kí irú fáìlì bẹ́ẹ̀ ní fódà tirẹ̀, kí orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “AROPO”, kí ọ̀rọ̀ náà sì hàn nínú ìwé tí oníbàárà yóò gbà. Ó gbọ́dọ̀ kúrò nínú iṣẹ́ kí ìwé ìkẹyìn tó jáde.

Mo fẹ́ fi ohun kan kún un fún àwọn tó wà nílé: ẹ má fi àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ sí orúkọ fáìlì àti fódà. Ó dùn mí láti sọ bẹ́ẹ̀, nítorí mo fẹ́ kí a máa kọ èdè wa dáadáa, ṣùgbọ́n ASCII, tí kò mọ àmì ohùn, ni wọ́n gbé IES kà, ètò àtijọ́ kan sì kọ̀ láti ṣí fódà tí mo pè ní “Ẹ̀kọ́”. Inú Excel ni mo ti ń kọ orúkọ náà pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀.

ỌmọBódìjà

Mo padà dé lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Ẹ̀gbọ́n Àdùkẹ́, ẹ rí i kí àwa tó rí i. Àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ fáìlì àkọ́kọ́ jẹ́ 4000K pẹ̀lú CRI 80, lúmẹ̀nì rẹ̀ sì jẹ́ 4,000. Èkejì jẹ́ 3000K pẹ̀lú CRI 90, lúmẹ̀nì rẹ̀ sì jẹ́ 3,440. Lẹ́tà méjì tó kẹ́yìn nọ́ńbà ọjà ni ó fi wọ́n hàn yàtọ̀, ẹni tó kó wọn sí fódà sì ti gé lẹ́tà náà kúrò kí orúkọ lè kúrú. Bí ẹ bá pín 3,440 sí 4,000, ẹ ó rí i pé 430 tó jáde kò ṣẹ̀ wá láti ibòmíràn.

A ti fódà àtijọ́ pa. Iná 118 ni a rí pé a lò láàárín ọdún méjì, a sì ti yẹ 64 wò nínú wọn. Nǹkan kan tún yọjú: fáìlì 11 ni nọ́ńbà kẹta wọn jẹ́ 0.8. Ọ̀gá kan tó ti kúrò lọ́dọ̀ wa ló kọ ọ́ síbẹ̀ láti yọ eruku àti ọjọ́ ogbó iná. Ṣé kí a fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀?

Ẹnjiníà_Ìkẹjà

Rárá o, ẹ dá wọn padà sí 1 lónìí. Inú iṣẹ́ ni wọ́n ti ń yọ ti eruku àti ogbó, nítorí yàrá kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀: ilé ìgẹdú kò lè dọ́gba pẹ̀lú ọ́fíìsì. Bí DIALux bá tún fi 0.8 tirẹ̀ lé 0.8 inú fáìlì, 0.64 ni ó kù, ẹ ó sì ti tà fún oníbàárà ní iná tó fi ìdá kan nínú mẹ́rin ju èyí tó nílò lọ. Ẹ wo gbogbo iṣẹ́ tí ẹ fi fáìlì 11 yẹn ṣe, pàápàá èyí tí wọn kò tíì ra iná rẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́_Ifẹ̀

Mo kà nípa irú fáìlì kan tó ń jẹ́ GLDF, tí DIAL (àwọn tó ni DIALux) àti Relux jọ ṣe. Ṣé kì í ṣe òun ni yóò gba gbogbo wa lọ́wọ́ wàhálà yìí?

Ará_Houston

Yóò ràn wá lọ́wọ́. Àpò kan ṣoṣo ni, tí dátà ìmọ́lẹ̀, àwòrán, ìrísí iná àti oríṣiríṣi àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ ọjà kan lè jọ wà nínú rẹ̀, nítorí náà 3000K àti 4000K kò ní máa rìn káàkiri bí ọmọ tí kò mọ ilé. Bí olùṣe bá fún ọ, gbà á, kí o sì fi í sí Orísun. Ṣùgbọ́n gba IES tàbí LDT pẹ̀lú rẹ̀, nítorí kì í ṣe gbogbo ètò kọ̀ǹpútà tí ẹlòmíràn ń lò ló lè ṣí i.

ỌmọBódìjà

A ti dá fáìlì 11 náà padà sí 1. Iṣẹ́ méjì ni a rí tí wọn kò tíì ra iná wọn, mo sì ti kọ̀wé sí oníbàárà méjèèjì ní àárọ̀ yìí pé ìṣirò tuntun ń bọ̀. Láti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, àbúrò wa tó rí 430 yẹn ni yóò máa ṣọ́ fódà Àyẹ̀wò. Òun nìkan àti èmi ni a ó lè fi fáìlì síbẹ̀.